Jẹjẹrẹ ọyàn lára àwọn ìyá àgbà: Ohun tó yẹ kí màmá àti ẹni tó ń tọ́jú wọn mọ̀

Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbà pé àwọn tó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú nìkan ni jẹjẹrẹ ọyàn ń bá jà. Wọ́n á ní, "Ọyàn tí ọmọ ti fi sílẹ̀ láti ogójì ọdún, kí ló tún fẹ́ ṣe é?" Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí obìnrin bá ṣe ń dàgbà sí i ni ewu àìsàn yìí ń pọ̀ sí i. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwọn tó ní in ní Nàìjíríà ni kò tíì darúgbó, torí pé àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù láàárín wa. Ìyẹn ò yọ ìyá àgbà sílẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àìsàn yìí káàkiri ayé. Nǹkan bí 670,000 èèyàn ló bá a lọ lọ́dún náà.

Àwọn àmì wo ló yẹ kí ẹ máa wò?

- Kókó, tàbí ibì kan tó le, nínú ọyàn tàbí ní abíyá.
- Awọ ọyàn tó ń fà wọlé, tó pọ́n, tàbí tó rí págunpàgun bí èèpo ọsàn.
- Orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde níbẹ̀.
- Egbò ara ọyàn tí kò jinná.
- Ọyàn kan tó ṣàdédé tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Gbogbo kókó kọ́ ni jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ lè má dun èèyàn rárá níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń tan ọ̀pọ̀ màmá jẹ. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín.

Ta ló máa ń kọ́kọ́ rí i?

Màmá tí làkúrègbé mú lọ́wọ́, tí ojú wọn ti ṣe bàìbàì, tàbí tí wọ́n ń gbàgbé nǹkan, lè má mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà. Ẹni tó ń wẹ̀ fún wọn tàbí tó ń bá wọn wọ kọ́mú ló máa rí i: ọmọ, ìyàwó ọmọ, tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà.

Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ má pariwo. Màmá fúnra wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú ni, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀. Ẹ má dá a dúró dìgbà tí àwọn ọmọ bá wá kí wọn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pa á mọ́ra?

Ojú ń ti àwọn kan. Àwọn mìíràn ò fẹ́ kí ọmọ náwó lé wọn lórí, tàbí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á gé ọyàn wọn. Àwọn kan gbà pé àfiṣe ni. Nílé tí àwọn àgbà ti ń gbé pọ̀, wọ́n tún máa ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má sá fún wọn. Jẹjẹrẹ ọyàn kì í ràn. Kò sídìí láti ya abọ́ tàbí ife ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Kí ni wọ́n máa ń ṣe lọ́sibítù?

Dọ́kítà á fọwọ́ yẹ ọyàn wò, wọ́n á fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. WHO fẹ́ kí èyí parí láàárín 60 ọjọ́ sí ìgbà tí aláìsàn kọ́kọ́ wá. Wọ́n ń tọ́jú àìsàn yìí ní UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gé ọyàn kúrò tán. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tó ń ṣe àwọn àgbàlagbà ló jẹ́ irú tí oògùn oníhóró bíi tamoxifen tàbí letrozole ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ kó gbogbo oògùn tí màmá ń lò dání, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ sì dárúkọ àgbo tí wọ́n ń mu pẹ̀lú.

Àwọn ìyá wa tó wà ní Ìlú Ọba ńkọ́?

NHS ní England máa ń kọ lẹ́tà sí obìnrin fún àyẹ̀wò mammogram ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, láti 50 ọdún títí wọ́n á fi pé 71. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà ò ní wá mọ́, àmọ́ wọ́n lè fúnra wọn pè láti béèrè fún un. Pé lẹ́tà dáwọ́ dúró kò ní kí ewu dáwọ́ dúró.

Báwo la ṣe lè dúró tì wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan náà máa bá wọn lọ sọ́sibítù, kó máa kọ ohun tí dọ́kítà bá sọ sílẹ̀. Ẹ má fi orúkọ àìsàn náà pa mọ́ fún wọn bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ara wọn ni, àwọn ló ni ìpinnu. Àdúrà dára, ẹ jẹ́ kó máa bá ìtọ́jú rìn. Bí màmá yín ò bá sì tíì sọ nǹkan kan, ẹ rọra bi wọ́n léèrè lọ́sẹ̀ yìí.