AutoCorrect, Iṣẹ́ Tí A Kò Rán Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ń fi Microsoft Word tẹ Yorùbá mọ ìyọnu yìí dáadáa. Yóò tẹ “rí i”, yóò fi àlàfo sí i, “i” yóò sì di “I” gàgàrà lójú ẹsẹ̀. Yóò pa á rẹ́, yóò tún un tẹ̀, “I” náà ló tún máa rí. Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́, fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló wọ̀ ọ́. AutoCorrect ni. Gẹ̀ẹ́sì ló rò pé wọ́n ń kọ, “i” tó bá sì dá dúró nínú Gẹ̀ẹ́sì, “èmi” ni, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Inú Word 6, tó jáde ní ọdún 1993, ni irinṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ yọjú. Dean Hachamovitch, òṣìṣẹ́ Microsoft nígbà náà, ni wọ́n sábà máa ń kà á sí lọ́rùn: ó rí i pé “teh” ni ọwọ́ àwọn èèyàn ń tẹ̀ nígbà tí “the” wà lọ́kàn wọn, ó sì ní kí ẹ̀rọ máa bá wọn tún un ṣe. Àkójọ tí AutoCorrect ń lò ní òpó méjì: àṣìtẹ̀ wà lápá òsì, ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ẹ̀rọ kò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ títí tí wọ́n á fi tẹ àlàfo, àmì ìdánudúró tàbí Enter.

Irinṣẹ́ tó ń yẹ sípẹ́lì wò náà ti dá àrà rí. Nínú àwọn ẹ̀yà àtijọ́ kan, “co-operation” tó ní àmì ìsopọ̀ nìkan ló mọ̀. Bí akọ̀wé bá kọ “cooperation”, “Cupertino” ló máa fi lọ̀ ọ́, ìyẹn ìlú kan ní California. Àwọn tí kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì gbà bẹ́ẹ̀, Cupertino sì wọ inú ìwé àjọ NATO àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, níbi tó yẹ kí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wà.

Ọ̀nà tó yá jù láti bọ́ ni Ctrl+Z. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kété tí ọ̀rọ̀ yí padà, àtúnṣe ẹ̀rọ nìkan ló máa fagi lé. Ohun tí ọwọ́ tẹ̀ á dúró. Àmọ́ ní ìlà kejì, AutoCorrect á tún dé.

Èdè ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àkójọ tirẹ̀ nínú Word. Kí wọ́n fi Ctrl+A mú gbogbo ìwé, kí wọ́n lọ sí Review, Language, Set Proofing Language, kí wọ́n mú Yoruba, kí wọ́n sì yọ àmì tó wà níwájú “Detect language automatically”. Àkójọ Gẹ̀ẹ́sì á jáwọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń bínú sí Word ni kò dé ibẹ̀ rí.

Ohun tó bá kù, inú File, Options, Proofing, AutoCorrect Options ló wà. Ẹni tó kọ “abbl.” láàárín gbólóhùn á rí i pé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gba lẹ́tà ńlá, torí ẹ̀rọ rò pé gbólóhùn ti parí. Kí ó tẹ Exceptions, kí ó fi “abbl.” síbẹ̀. Inú AutoCorrect Options kan náà ni wọ́n ti lè sọ ẹ̀rọ náà di ìránṣẹ́: “yrb” lápá òsì, “Yorùbá” tòun tàmì lápá ọ̀tún, ìyà ohùn ti dínkù.

Ìlà gbọọrọ tó máa ń jáde tí wọ́n bá tẹ àmì ìsopọ̀ mẹ́ta àti Enter tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Backspace kì í pa á rẹ́, torí etí ìpínrọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Borders nínú Home, kí wọ́n mú No Border, ó parí.

Ti orúkọ ló dunni jù. Ìlà pupa abẹ́ Oluwaseun kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ àṣìkọ. Ní ọdún 2024, àwọn kan ní Britain gbé ìpolongo “I Am Not a Typo” dìde lórí irú ẹ̀sùn yìí. Ní báyìí ná, kí olórúkọ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ orúkọ rẹ̀, kí ó mú Add to Dictionary.

Àmì tótòtó aláwọ̀ àlùkò tó máa ń wà lábẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe AutoCorrect. Smart tag ni, Office XP ló gbé e wá ní 2001. Láti Word 2010, kì í fúnra rẹ̀ yọjú mọ́.

Inú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .acl ni àkójọ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà, MSO1033.acl ni ti Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, kó ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́ kó tó ta ti àtijọ́.