Epo rọ̀bì bo ẹyẹ: Ẹ má tíì sáré gbé ọṣẹ

Ní June 23, ọdún 2000, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Treasure rì nítòsí Cape Town, ní South Africa. Epo inú rẹ̀ dà sí agbami níbi tí àwọn ẹyẹ penguin ń gbé, ó sì bo nǹkan bíi 19,000 nínú wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló yọ̀ǹda ara wọn láti bá àjọ SANCCOB tọ́jú wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹyẹ náà ló sì yè é. Ìtọ́jú yẹn ní ètò ni.

Ìyẹ́ ẹyẹ òkun dà bí aṣọ òjò. Tí epo bá ti bà á, omi á ráàyè dé ara, òtútù á sì mú ẹyẹ náà. Bó ṣe ń fi àgógó ya epo kúrò lára, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé májèlé mì. Òtútù yìí ló ń lé e wá sí etí òkun, nítorí náà, ẹni tó bá lé e padà sómi ń lé e sọ́wọ́ ikú ni.

Fífọ̀ tí gbogbo wa máa ń rí nínú fídíò kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á kọ́kọ́ jẹ́ kí ara ẹyẹ móoru, wọ́n á fún un lómi àti oúnjẹ títí okun rẹ̀ á fi padà, torí ìwẹ̀ nìkan lè pa ẹyẹ tó ti rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́. Wọ́n á ṣàn án títí ọṣẹ á fi tán pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù nu ẹyẹ o!

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ìlàjẹ, NOSDRA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó bá dà. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ ké sí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹyẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ alápá gígùn àti awò ojú, torí ojú èèyàn ni àgógó máa ń wá. Ẹ fi táwẹ̀lì bò ó, ẹ gbé e sínú páálí tẹ́ ẹ ti lu ihò sí, níbi tó dákẹ́. Ẹ má di ẹnu rẹ̀, ẹ má sì fún un lóúnjẹ. Fọ́tò lè dúró ná.

Ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ náà ṣì níṣẹ́ ṣe. Ní Cape Town, àwọn kan fọ táwẹ̀lì, àwọn kan gbá ọgbà ẹyẹ. Kódà, bíi 19,500 penguin tí epo kò tíì bà ni wọ́n fi ọkọ̀ kó lọ sí Port Elizabeth, kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ padà wálé fúnra wọn. Kí wọ́n tó dé, epo ti kúrò lójú omi.