Àmì Tí Ń Dáhùn: Ìtàn Ìdánwò àti Ìwọ̀n Rẹ̀

Láti ìgbà tí èbúté Àpápá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926 ni ìdánimọ̀ ẹrù ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá níbẹ̀. Ẹni tí ń gbé Àpápá GRA tàbí Ajégúnlẹ̀ mọ ìnira tí ó ń bá àdúgbò nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá tò lọ rẹrẹẹrẹ, tí wọn kò rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí kọ̀ǹténà gba ipò àpò àti àpótí, lẹ́tà 4 àti nọ́ńbà 7 tí a kọ sí ara irin di orúkọ rẹ̀. Ìṣirò ni a fi ń fa nọ́ńbà ìkẹyìn yọ láti inú àwọn tí ó ṣáájú, kí àṣìkọ lè hàn. Ìdánwò ti wà nínú àmì náà fúnra rẹ̀; ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń kà á, ó sì máa ń rẹ ojú.

Àmì tí kò nílò ojú ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ tí ń dáhùn bí rédà bá ké sí i, kí ará ilé má baà yìnbọn lu ará ilé. Ní 1948, Harry Stockman kọ̀wé lórí bí a ti lè fi ìgbì rédíò tí ó ta padà ránṣẹ́. Ní 1973, Mario Cardullo àti Charles Walton, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ti Walton jẹ́ ti káàdì tí ń ṣí ilẹ̀kùn.

Irú èyí tí a ń kà nítòsí kì í ní bátìrì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń kà á a máa rán agbára òòfà tí ń mì nígbà mílíọ̀nù 13.56 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára yìí ni ó ń jí àmì náà kí ó tó dáhùn. Òfin àgbáyé, ISO 14443, là á sílẹ̀ pé agbára náà kò gbọdọ̀ dín ní áḿpíà 1.5 lórí mítà kan, kò sì gbọdọ̀ ju 7.5 lọ. Bí a bá ń dán ẹ̀rọ wò, a ó gbé wáyà òṣùwọ̀n tí ó tó káàdì síwájú rẹ̀, a ó sún un síhìn-ín sọ́hùn-ún, a ó sì wọn agbára tí ó dé ibẹ̀. A ó tún wọn bí ìdáhùn káàdì ti lágbára tó. Irin a máa dín agbára yìí kù. Nítorí náà, àmì tí ó fọhùn ketekete lórí tábìlì lè yadi lára kọ̀ǹténà.

Apá méjì ni ìdánwò yìí ní. Àmì tí a kò gbọ́ ń dá iṣẹ́ dúró; èyí tí a gbọ́ láti òkèèrè ń tú àṣírí. A ní láti mọ ibi tí ó ti gbọdọ̀ dáhùn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí kí ó dín, kí a sì mọ ibi tí olè tí ó lúgọ lè ti gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú ìwé ìrìnnà onírú àmì yìí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2007, ẹ̀rọ ní láti kọ́kọ́ ka ìlà tí a tẹ̀ sínú ìwé náà kí àmì tó sọ̀rọ̀.

Ní 2020, LAMATA gbé káàdì Cowry wọ inú ọkọ̀ èrò Èkó. Òun náà ni èrò fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án 2023. Owó ẹyọ ni orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Láyé àtijọ́, ogójì ẹyọ ni a ń sin sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó gba ọ̀kẹ́ lè jókòó, kí ó kà á fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó di káàdì mú kò lè fi ojú rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ẹlòmíràn fi dán ẹ̀rọ wò ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí òṣùwọ̀n náà bá ṣèké, owó tálákà ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a.