Físà Ojú-ẹsẹ̀

Ní Ìbòkun nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun kì í sọ pé "ìwé àṣẹ ìwọ̀lú". Físà ló ń pè é. Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀: charta visa, ìwé tí a ti yẹ̀ wò. Kò sí àṣẹ nínú rẹ̀; àwa la fi kún un, bóyá nítorí ohun tójú wa ti rí lẹ́nu ọ̀nà ẹ́ḿbásì.

Èyí tí wọ́n ń gbà ní pápákọ̀ òfuurufú lẹ́yìn tí bàálù bá balẹ̀ ni mo ń pè ní físà ojú-ẹsẹ̀. Ó bá a mu. Ibi tí ẹsẹ̀ àlejò dúró sí gan-an ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ fún un, tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ tó fi kọjá. Àmọ́ orúkọ yìí máa ń tanni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbà á ní Nàìjíríà ní láti kọ́kọ́ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda kó tó wọ bàálù; ojú ẹsẹ̀ wo nìyẹn? Ní 2025, ìjọba fi físà orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń lọ sí Kútọnu ní tirẹ̀ kò nílò físà kankan. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún un ní 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí àjẹsára rẹ̀ ni wọ́n máa béèrè ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀.