Ìkọ́ṣẹ́ Ohùn àti Ara Láàárín Àwọn Òṣèré Olórin Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ nípa àwọn òṣèré Yorùbá ìgbà Hubert Ogunde, pé ẹ̀bùn àbínibí nìkan ni wọ́n fi ń ṣeré, pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn bí a ti ń lo ohùn tàbí bí a ti ń gbé ẹsẹ̀. Ilé-ìwé tí ó ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà ni àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ń wá. Nígbà tí wọn kò sì rí i, wọ́n gbà pé kò sí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tọ ipasẹ̀ eré náà lọ sẹ́yìn, yóò rí i pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ó sì le.

Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Skọ́tílándì, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí òun ń pè ní Katunga, Aláàfin sì mú kí àwọn eléré wá dá a lára yá. Apá mẹ́ta ni eré náà ní. Nínú èkínní, àwọn òṣèré wà nínú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń tàkìtì. Nínú èkejì, wọ́n gbé ejò òjòlá ńlá kan jáde, ó ń wọ́ kiri gbàgede. Èkẹta ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí pé òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é. Òṣèré náà ń rìn bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí, tí a wá ní kí ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ dídì. Ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń pa, ó sì ń fa áṣáà sí imú. Àwọn òǹwòran ń wojú àwọn àlejò náà kí wọ́n lè gbà pé ó jọ wọ́n. Láàárín apá kan àti èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, gbogbo èrò sì ń gbè é.

Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tí a bí mọ́ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ti ní láti wo àjèjì fínnífínní, kí ó fi ara rẹ̀ dán an wò, kí ó tún un ṣe títí tí ara yóò fi gbà á. Bí èyí kì í bá ṣe ìkọ́ṣẹ́, ó ṣòro láti mọ ohun tí a óò pè é.

Agbo-ilé ọlọ́jẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìtàn àwọn ọlọ́jẹ̀ fi ìpilẹ̀ṣẹ̀ eré wọn fún ìdílé Ológbìn Ológbòjò, orúkọ Ẹ̀sà Ògbín ni wọ́n sì fi ń pe ẹ̀sà títí di òní. Ọmọdé tí a bí sí ilé bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀ tí a ń pè ní ti ohùn. Ẹ̀yìn àwọn àgbà ni yóò máa tọ̀, yóò máa gbe orin. Nígbà tí ó bá pẹ́, a ó fún un ní oríkì kúkurú kan kí ó sun ún, bí ó bá ṣì í, wọn yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ohùn ìwì kì í ṣe ohùn ọ̀rọ̀ lásán, kì í sì í ṣe ohùn orin. Ẹni tí ń sun ún ní láti mọ ibi tí òun yóò ti mí, kí oríkì má baà já lójú ọ̀nà. Bí ó bá sì wà lábẹ́ agọ̀, ohùn rẹ̀ ní láti la aṣọ já kí ó tó dé etí ẹni tí ó wà lẹ́yìn agbo. Ní ti ara, láti kékeré ni ọmọ ti ń tàkìtì, nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀. Bàtá ni olùkọ́ rẹ̀. Ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ àti èjìká ń dáhùn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí ìyáàlù wí kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró gbọn-in.

Ilé-ẹ̀kọ́ kejì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́ láti pa ohùn pọ̀ ní oríṣiríṣi ìpín, láti bẹ̀rẹ̀ papọ̀ àti láti dákẹ́ papọ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù méjì. Èkínní ni pé akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kì í mira. Ojú kan ni ó ń dúró sí. Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: orin òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé. Èdè tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti yàtọ̀ nípa ohùn nìkan kò lè gba irú ìgbékalẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfarapa. Akọrin gbé ọkọ́ wálẹ̀, ó di ọkọ̀; òun kò mọ̀, ìjọ náà sì ti mọ́ ọn lára. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó jẹ́ olùtẹ dùùrù Kàtídírà Krístì ní Èkó, wà lára àwọn tí ó wá àtúnṣe sí i. Ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ni Ogunde. Ọ̀sọsà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1916. Ó bá àwọn eégún aláré rìn ní kékeré, ó ṣe olùkọ́, ó sì ṣe ọlọ́pàá. Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta ni ó ní kí ó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run, tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọdún 1944. Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu kì í ṣe ìtàn Ádámù, nítorí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn eré orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ṣáájú rẹ̀, ìdúró ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Ti Ogunde ń rìn, ó ń jó, ó ń fi ara sọ ohun tí ẹnu ń wí. Ní ọdún 1947 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ́ ijó òyìnbó níbẹ̀. Síbẹ̀, ijó àti orin tí ó fi ń ṣí eré rẹ̀ kò jìnnà sí ìjúbà àwọn aláré àtijọ́, bí ó tilẹ̀ fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì.

Inú ẹgbẹ́ náà gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ń gbé pọ̀, wọ́n ń rìn pọ̀ láti ìlú dé ìlú, tuntun sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn àgbà. Ogunde fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ń bá a ṣeré. Àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í kọ́ oníjó fún ọdún mẹ́ta kí ó sì fẹ́ kí ilé ọkọ gbà á lọ. Bóyá ó tọ́ sí àwọn obìnrin náà tàbí kò tọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn; agbo-ilé ọlọ́jẹ̀ ni ó tún kọ́ sí orí ọkọ̀.

Ẹni tí ó mú ohùn Yorùbá padà sípò nínú eré ni Duro Ladipo. Olùkọ́ ilé-ìwé ni, ó sì ń ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1961 ó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Àjíǹde tí ó ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀. Ó kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde síta, ní ọdún 1962 ó dá Mbari Mbayo sílẹ̀ pẹ̀lú Ulli Beier. Nígbà tí Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, oríkì, ìjálá àti bàtá ti gba ipò tí orin ṣọ́ọ̀ṣì wà. Àtúnkọ́ ni èyí jẹ́ fún òṣèré. Ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń kọrin ní ìpín wá ní láti kọ́ bí ohùn ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kí ọba tí ń bínú lè bínú lórí ohùn tí ó tọ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má sì yí padà. Ladipo fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ sì ni Ọya. Wọ́n gbé e dé Bẹ̀lín ní ọdún 1964, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò ti gbọ́ Yorùbá. Ìlù, ohùn àti ara ni wọ́n gbọ́.

Ní ọdún 1962 Kola Ogunmola lo oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn tí ń kọ́ni ní eré, Ọ̀mùtí sì jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 1963. Ó jèrè níbẹ̀ ní ti ìtò eré àti ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Ní ti ohùn àti ìṣesí, ó ti gbóná kí ó tó dé ibẹ̀, ó sì ṣòro láti sọ ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó ní ipò akẹ́kọ̀ọ́.

Tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu gba ipò orin, nítorí kámẹ́rà ń súnmọ́ ojú, kò béèrè ohùn tí yóò dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún ẹsẹ̀ nínú àwòrán tí ó mọ ní èjìká. Ogunmola kú ní ọdún 1973, Ladipo ní 1978, Ogunde ní 1990. Nígbà tí fídíò fi gbilẹ̀ lẹ́yìn náà, inú pálọ̀ ni wọ́n ti ń ya púpọ̀ nínú eré, ijó àti orin ìbẹ̀rẹ̀ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gé kúrò.