Àwọn Tó Ṣọ́ Iwin Mọ́jú ní Borley

Ṣé ẹ ṣì rántí Madam Kóì-Kóì? Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i nínú wa? Síbẹ̀, gbogbo dọ́mítírì ló ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lóru. Àwọn síníọ̀ ló ti sọ ohun tí a máa gbọ́ fún wa kí iná tó kú.

Àwọn àgbàlagbà ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé àlùfáà ńlá kan wà ní Borley, ní Essex. Wọ́n ní iwin obìnrin kan ń rìn nínú ọgbà rẹ̀. Lọ́dún 1937, Harry Price háyà ilé náà fún ọdún kan. Ó polówó nínú ìwé ìròyìn The Times, ó sì yan èèyàn 48, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, láti máa ṣọ́ ibẹ̀ mọ́jú. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yí nǹkan po, kí wọ́n lè mọ̀ bí ó bá ṣípò.

Èyí tó ká èmi akọ̀ròyìn lára nìyí: Price fún wọn ní ìwé pélébé kan tó to gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Áà! Bí èkúté bá wá sáré lókè àjà, kí lẹ rò pé wọ́n máa kọ sílẹ̀?

Iná jó ilé náà lọ́dún 1939. Price kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 1940, ó sì kú ní 1948. Lọ́dún 1956, àwọn olùwádìí mẹ́ta tú iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n sì fura pé òun fúnra rẹ̀ dọ́gbọ́n sí àwọn kan nínú rẹ̀. Kò sí láyé mọ́ láti fèsì.

Ẹni tó bá rí Madam Kóì-Kóì lóòótọ́, kó wá bá mi lálẹ́ ìpàdé wa. Mo ní bírò lọ́wọ́. Mi ò ní bá a dá sí i.