Àyẹ̀wò Ìdè Àwòrán Iṣẹ́-ẹ̀rọ lórí Kọ̀ǹpútà

Àyẹ̀wò ìdè àwòrán ni wíwádìí bóyá àwọn ìdè, ìyẹn òfin bíi kí ìlà méjì gùn dọ́gba, tó láti mú àwòrán iṣẹ́-ẹ̀rọ dúró sójú kan. Ivan Sutherland ti lo irú ìdè bẹ́ẹ̀ nínú Sketchpad, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tó ṣe, ní ọdún 1963. Kí àwòrán tó lè dúró, ìdè gbọ́dọ̀ dí gbogbo ọ̀nà tó lè gbà yí padà. Fún àpẹẹrẹ, òbìrípo kan ní ọ̀nà mẹ́ta tó lè gbà yí padà: ipò àárín rẹ̀ ní ìbú, ipò àárín náà ní òòró, àti bí ó ti tóbi tó. Nínú SolidWorks, ètò ìyàwòrán iṣẹ́-ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, ìlà tí ìdè rẹ̀ kò tíì tó máa ń ní àwọ̀ búlúù, bí a bá sì fà á, yóò ṣí kúrò níbi tó wà. Èyí tí ìdè rẹ̀ ti pé máa ń di dúdú. Àwọn ìdè tó tako ara wọn ló burú jù, nítorí kò sí àwòrán tó lè tẹ̀ lé gbogbo wọn, àfi kí a yọ ọ̀kan kúrò.